Àgò onílé o: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe tẹ́ ẹ bá dé ojúbọ Ṣíńtò ní Jàpáànù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọjọ́ kejì tí mo dé Tokyo, mo gba Sensoji lọ ní Asakusa, mo dúró síwájú ilé ńlá yẹn, mo pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú gbogbo agbára mi, pá! pá! bí mo ṣe rí i nínú fídíò, ni ìyá àgbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra pa ọwọ́ tiẹ̀ méjèèjì pọ̀ láìdún rárá. Ìgbà tí mo padà sí hòtẹ́ẹ̀lì ni mo tó mọ̀ pé ibi tí mo ti ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni gbọ́ ìlù yẹn kì í ṣe ojúbọ Ṣíńtò. Ilé ẹ̀sìn Búdà ni. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ níbẹ̀.

Ohun tó ń da orí ọ̀pọ̀ àlejò rú ní Jàpáànù nìyẹn, torí ilé ẹ̀sìn oríṣi méjì ló wà tó jọra lójú ẹni tí ò mọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní jinja ni ojúbọ Ṣíńtò, ìyẹn ìṣẹ̀ṣe àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn, tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀sìn àjòjì kankan tó wọlé. Èkejì ni tera, ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ẹ̀sìn yẹn gba Kòríà wọlé ní nǹkan bíi sẹ́ńtúrì kẹfà. Àwọn méjèèjì jọ gbé pọ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n jọ ń lo ilẹ̀ kan náà, wọ́n jọ ń ṣọdún, títí ìjọba Meiji fi dé ní 1868 tí wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Àṣẹ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò yà wọ́n lọ́kàn tiwọn. Ẹni tó gbé ọmọ ọwọ́ lọ sí jinja kí wọ́n ṣàdúrà fún un, àlùfáà tera náà ló máa pè tí bàbá ẹ̀ bá kú, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé ọ̀nà wo lò ń tọ̀ gan-an.

Báwo lẹ ṣe máa wá dá wọn mọ̀? Ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Jinja máa ń ní torii: òpó méjì tó nàró, igi méjì tó dábùú lé wọn lórí, kò ní ilẹ̀kùn kò ní òrùlé. Ó lè jẹ́ igi, òkúta tàbí irin, wọ́n lè kùn ún ní pupa tó jọ ọsàn tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí màrìwò ń ṣe lọ́dọ̀ wa ni torii ń ṣe níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí i kẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ní ẹni tó ni ín. Tera ní tiẹ̀, géètì tó ní òrùlé gìrìwò ló máa ń ní, ẹ máa rí ère Búdà, òórùn tùràrí á gba ibẹ̀ kan, ẹ sì lè rí ibojì lẹ́yìnkùlé, èyí tẹ́ ẹ lè máà rí ní jinja láéláé torí Ṣíńtò kì í fẹ́ kí òkú sún mọ́ ibi tí kami ń gbé. Orúkọ náà máa ń tú àṣírí. Jinja, jingu, taisha, ti Ṣíńtò nìyẹn, tó bá parí sí "ji" tàbí "dera" ti Búdà ni. Sensoji, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Inú orúkọ ni ìdáhùn wà tí mi ò gbọ́. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé jinja gidi kan, Asakusa Jinja, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, mo rìn kọjá lára ẹ̀ mi ò tiẹ̀ yíjú wò ó.

Mo ti ń pe kami láì ṣàlàyé ẹ̀. Tí wọ́n bá túmọ̀ ẹ̀ sédè òyìnbó wọ́n á ní ọlọ́run ni, ìyẹn ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà, àwa Yorùbá tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jùyẹn lọ, òrìṣà. Kami lè jẹ́ òkè, ó lè jẹ́ igi ńlá kan, omi tó ń já látorí àpáta, babańlá ìdílé kan, ó sì lè jẹ́ èèyàn tó gbáyé tó kú tí wọ́n wá ń bọ, bá a ṣe ń sọ pé Ṣàngó jọba l'Ọ́yọ̀ọ́ kó tó dòrìṣà. Ẹ gbọ́ ìtàn Sugawara no Michizane. Ọ̀mọ̀wé ni, akéwì, ìjòyè ńlá láàfin, wọ́n bí i ní 845. Àwọn ọ̀tá ẹ̀ láàfin parọ́ mọ́ ọn, ọba lé e lọ sí Dazaifu lápá gúúsù lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 903. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ làwọn tó ṣe é níkà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ní 930 àrá sán lu ààfin, ó pa èèyàn. Àrá o! Ni wọ́n bá ní òun ló ń bínú, wọ́n kọ́ ojúbọ fún un kí inú ẹ̀ lè rọ̀. Lónìí òun ni kami ìwé kíkà, Dazaifu Tenmangu àti Kitano Tenmangu ní Kyoto máa ń kún fọ́fọ́ fáwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò àti àwọn ìyá wọn. Wọ́n máa ń sọ pé mílíọ̀nù mẹ́jọ ni kami tó wà, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó kà wọ́n, wọ́n kàn fi ń sọ pé wọn ò lóǹkà, bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ pé irúnmọlẹ̀ 401.

Ibi tó ti wá ń ṣòro fún àwa tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tọ́ dàgbà rèé. Ṣíńtò ò ní ẹni tó dá a sílẹ̀, kò ní ìwé mímọ́ kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ látòkèdélẹ̀, kò sí ìrìbọmi, kò sí káàdì ọmọ ìjọ. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé "kí ni wọ́n gbà gbọ́?", ìbéèrè tiwọn ni pé "ṣé ọwọ́ ẹ mọ́? ṣé o ti kí onílé?" Ẹ kàn mú un bí ìgbà tẹ́ ẹ lọ kí àgbàlagbà kan tó wà nínú yàrá, ẹ ò rí i, àmọ́ ó ń gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ yín. Ẹ ó kígbe àgò, ẹ ò ní gba àárín ilé bí ẹni tó nilé, ẹ ò ní mú ọwọ́ dídọ̀tí bọ nǹkan ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa bi mí pé ṣé Krìstẹ́nì àbí Mùsùlùmí lè wọbẹ̀. Ẹ lè wọlé kẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ẹ̀sìn, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín tẹrí ba. Tọ́kàn yín ò bá gbà á, ẹ ṣí fìlà, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má pariwo, ẹ wo igi, ẹ wo ilé, ẹ jáde. Ẹlòmíì ka ìtẹríba sí ìkíni lásán, ó kí wọn ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ìyẹn kù sọ́wọ́ kálukú, mi ò sí níbẹ̀. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kéèyàn gbé fóònù sókè kó máa de ẹ̀mí òkùnkùn níwájú àpótí ọrẹ wọn torí kó lè rí fídíò gbé jáde. Ẹ jọ̀ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín. Ká lo Meiji Jingu ní Tokyo torí ó rọrùn láti dé, tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Harajuku, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ti wà níwájú yín nìyẹn, wọn kì í gbowó ìwọlé, wọ́n á ṣí i tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tì í tóòrùn bá ń wọ̀. Ọba Meiji àti olorì ẹ̀ Shoken ni wọ́n kọ́ ọ fún. Wọ́n ṣí i ní 1920, iná bọ́ǹbù jó o nínú ogun ní 1945, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1958. Igbó tó yí i ká yẹn, ẹ ó rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, irọ́ ni o, ọwọ́ ni wọ́n fi gbìn ín, nǹkan bí 100,000 igi táwọn aráàlú fi tọrẹ láti gbogbo ẹkùn Jàpáànù.

Tẹ́ ẹ bá dé abẹ́ torii àkọ́kọ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tẹrí ba. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ o, ẹ kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí. Àgò àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ má gba àárín gbùngbùn ọ̀nà, ẹ gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbà pé kami ló ni àárín. Òótọ́ ni pé ẹ máa rí àwọn ọmọ Jàpáànù gan-an tó ń rìn láàárín pẹ̀lú àìsìkiríìmù lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa lù wọ́n, kò sẹ́ni tó máa lu ẹ̀yin náà, àmọ́ àwọn àgbà tó mọ̀ ń wò yín.

Omi ló kàn, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ máa rí àtíbàbà kékeré kan tí ò ní ògiri, agbada òkúta wà lábẹ́ ẹ̀ tí omi ń dà sínú ẹ̀, temizuya lorúkọ ẹ̀. Ife tó ní ọwọ́ gígùn á wà lórí ẹ̀, ẹ rántí ahá tí wọ́n fi ń bomi nínú àmù nílé ìyá àgbà. Ẹ fọwọ́ ọ̀tún bu omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló gbọ́dọ̀ tó yín fún gbogbo ẹ̀: ẹ dà díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ kẹ́ ẹ dà díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ tún pààrọ̀, ẹ dà díẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì kẹ́ ẹ fi yọ ẹnu, ẹ rọra tu ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ (kì í ṣe sínú agbada!), ẹ da omi sọ́wọ́ òsì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá gbé ife náà nàró kí ìwọ̀nba omi tó kù ṣàn gba ara ọwọ́ ẹ̀ wálẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè bá a ní mímọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan ife. Mùsùlùmí tó ń ka èyí ti ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní àlùwàlá kọ́ lèyí ni? Ó jọ ọ́ o. Wọ́n gbà pé ayé máa ń kó èérí báni, ikú, àìsàn, ẹ̀jẹ̀, ìbànújẹ́, wọ́n ń pè é ní kegare, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ò ní láti ronú pìwà dà, ẹ kàn máa wẹ̀ ẹ́ kúrò ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí èèyàn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í fi í lọ sí jinja níbi tọ́rọ̀ dé, wọ́n ní kó jẹ́ kí nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ kọjá ná. Látìgbà Kòrónà, ọ̀pọ̀ ibi ti kó ife kúrò, omi á kàn máa ṣàn wálẹ̀ látinú ọ̀pá oparun, ẹ tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀, ó ti tán.

Ilé tẹ́ ẹ wá máa dé níwájú ẹ̀ yẹn, haiden ni wọ́n ń pè é, ẹ pè é ní pálọ̀. Yàrá kami gangan, honden, wà lẹ́yìn ẹ̀, èrò kì í wọbẹ̀, àwọn àwòrò nìkan ni. Ẹ má retí ère o, nǹkan tó dúró fún kami níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ jígí, idà tàbí òkúta, tí wọ́n á sì gbé pa mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ẹ tò sórí láìnì, tó bá kàn yín ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ rọra sọ owó sínú àpótí (ẹ má jù ú bí ẹni ń ju òkúta), tí okùn agogo bá wà ẹ fà á kó dún. Ẹ wá tẹrí ba ẹ̀ẹ̀mejì, kó wálẹ̀ dáadáa. Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ pa ọwọ́ pọ̀, ẹ sọ tinú yín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ara wọn àti ibi tí wọ́n ti wá, torí onílé á fẹ́ mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan láti fi dágbére, ẹ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹlòmíì. Méjì, méjì, ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá jáde tẹ́ ẹ dé torii, ẹ yíjú padà, ẹ tẹrí ba sí i.

Èló lowó náà? Iye tó bá wù yín, àmọ́ yen márùn-ún ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn, torí bí wọ́n ṣe ń pè é, go-en, bá ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àjọṣe tàbí kòńgẹ́ rere dún bákan náà. Kọ́ìnì pupa rẹ́súrẹ́sú tó ní ihò láàárín ni, ẹ má wá nọ́ńbà lára ẹ̀ torí òun nìkan ni kọ́ìnì wọn tí wọ́n fi lẹ́tà Jàpáànù nìkan kọ iye ẹ̀. Aádọ́ta náà ní ihò, fàdákà ni tiẹ̀ jọ.

Ẹ ṣọ́ra, méjì-méjì-ọ̀kan yìí kì í ṣe ibi gbogbo. Ní Izumo Taisha, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Izumo yìí ni wọ́n sọ pé gbogbo kami ilẹ̀ Jàpáànù ti máa ń ṣèpàdé lóṣù kẹwàá kàlẹ́ńdà àtijọ́, débi pé àwọn ibi yòókù ń pe oṣù yẹn ní oṣù tí kò sí kami, Izumo nìkan ló ń pè é ní oṣù tí kami wà. Ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, gbogbo òrìṣà ti lọ mítìn-ín.

Ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù kékeré níbi tí àwọn ọmọge tó wọ aṣọ funfun òun síkẹ́ẹ̀tì pupa ti ń tajà, miko ni wọ́n. Omamori ni tírà aláṣọ kékeré, ti ìdánwò, ti ọkọ̀ wíwà, ti ìbímọ wẹ́rẹ́. Ẹ má tú u wò, wọ́n ní agbára ẹ̀ á lọ, tọ́dún bá sì yí po wọ́n máa ń dá a padà sí jinja kí wọ́n jó o. Ema ni pátákó pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ máa kọ àdúrà sí tẹ́ ẹ máa gbé kọ́, èdè yòówù kó jẹ́, mo ti rí onírúurú níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí àwòrán ẹṣin, torí láyé àtijọ́ ẹṣin gidi ni wọ́n ń fà wá, dúdú tí wọ́n bá ń tọrọ òjò, funfun tí wọ́n bá fẹ́ kójò dá, ẹṣin wá wọ́n, wọ́n ń yà á sórí pátákó. Ẹ má máa ya fọ́tò àdúrà ẹlòmíì ká, orúkọ wọn wà lára ẹ̀.

Omikuji ló jọ nǹkan tiwa jù. Ẹ ó mi àpótí kan, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ jáde pẹ̀lú nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ìwé tí wọ́n máa fún yín, bí odù ṣe ń sọ ẹsẹ tí babaláwo máa kì. Àbájáde ẹ̀ náà, ire ni tàbí ibi: daikichi ni ire ńlá, kyo ni ibi. Tó bá jẹ́ ibi, ẹ so ìwé náà mọ́ okùn tí wọ́n ta síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, kò sí ẹbọ rírú. Ní Meiji Jingu ní tiwọn, kò sí ire tàbí ibi nínú ẹ̀ rárá, ewì tí ọba tàbí olorì yẹn kọ ni wọ́n máa ń fúnni, ti èdè òyìnbó sì wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn òǹtẹ̀, goshuin wà, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ ojúbọ náà sínú ìwé yín, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ pupa lé e, 300 sí 500 yen ni lọ́pọ̀ ibi. Ìwé tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni kẹ́ ẹ gbé lọ, ẹ má fi nótúbúùkù tẹ́ ẹ kọ gbèsè sí fà lé wọn lọ́wọ́.

Fọ́tò: ìta ò sí wàhálà, inú ilé àti iwájú pẹpẹ ni wọ́n sábà máa ń kọ̀, ẹ wo àmì. Tẹ́ ẹ bá pàdé ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbòòrùn pupa lórí, ẹ má sá síwájú ẹ̀ pẹ̀lú fóònù.

Ibi tí gbogbo ayé ń lọ ni Fushimi Inari ní Kyoto, torii pupa bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó tò tẹ̀ lé ara wọn gun òkè. Ọ̀pọ̀ rò pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ torí ère ẹ̀ pọ̀, rárá o, Inari ni kami, kami ìrẹsì àti ọrọ̀ ajé, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ ẹ̀ lásán. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ha kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì ni. Àwọn oníṣòwò àti kọ́ḿpìnnì ló ń fi torii yẹn tọrẹ, tẹ́ ẹ bá yíjú wẹ̀yìn ẹ máa rí orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Tọ̀sán tòru ló wà ní ṣíṣí, ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń gòkè sí i bẹ́ẹ̀ lèrò á máa dín kù, ẹ ṣáà wọ bàtà tó rọgbọ.

Ọ̀kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ ìtàn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Facebook, Yasukuni ní Tokyo. 1869 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fáwọn tó kú sógun, ní 1978 wọ́n fi àwọn olórí 14 tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ìwà ọ̀daràn ogun kún un, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí olórí ìjọba Jàpáànù bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ lónìí, Ṣáínà àti Kòríà á gbaná jẹ.

Ká wá ní ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ láyè láti lọ síbi tó jìn, Ise ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ. Amaterasu, kami oòrùn tí ìdílé ọba wọn ń pè ní ìyáńlá wọn, ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ yà sí ojúbọ ìta, Geku, kí wọ́n tó wọ ti inú, Naiku, wọ́n sì lè fi omi odò Isuzu fọwọ́ dípò agbada. Tẹ́ ẹ bá gòkè àtẹ̀gùn dé iwájú ẹ̀, aṣọ funfun kan tí wọ́n ta àti orí òrùlé lẹ máa rí, kò jùyẹn lọ, fọ́tò ò sì sí. Inú bí mi díẹ̀, mo ti rìn jìnnà. Àmọ́ ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, òun ló yà mí lẹ́nu jù, torí lẹ́yìn ọdún 20-20 ni wọ́n ń kọ́ ilé náà ní ọ̀tun sórí ilẹ̀ kejì yẹn, bákan náà gẹ́lẹ́, kí wọ́n tó wó ti àtijọ́, wọ́n á sì fi òpó ńlá ara ẹ̀ ṣe torii orí afárá Uji táwọn èrò ń gbà wọlé. 2013 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn, ìgbà kejìlélọ́gọ́ta nìyẹn. Èyí tó ń bọ̀ bọ́ sí 2033, ẹni tó bá fẹ́ wà níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá èésú báyìí.